Fídíò Tí Ẹbí Yóò Wò Dé Òpin

Bí ènìyàn bá dárúkọ fídíò nílẹ̀ Yorùbá láti nǹkan bí ọdún 1990 wá, eré àwọn òṣèré tí à ń rà lọ́jà ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa lọ́kàn. Kì í ṣe irú fídíò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èyí tí mo ní lọ́kàn kò sí lọ́jà, kò sì sí ẹni tí yóò rà á bí a bá gbé e débẹ̀. Fídíò ìnáwó ni mo ń wí: ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti ìṣílé, ti ìsìnkú àgbà, ti ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, èyí tí ẹbí fi owó gidi bẹ onífídíò kí ó wá bá wọn yà, tí wọ́n fi ìháragàgà retí, tí wọ́n pé jọ wò ní alẹ́ ọjọ́ tí ó dé, tí wọ́n sì gbé sínú dúrọ́ọ̀ lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n láti ọjọ́ náà kí eruku máa bò ó. Ilé tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn tí irú rẹ̀ kò sí kò pọ̀. Bí àlejò bá dé, wọn a ní àwọn fẹ́ fi hàn án. Bí ó bá ti wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àlejò a rántí pé ilẹ̀ ti ń ṣú.

Àwọn kan gbà pé ẹ̀rọ ni ó fa àìdùn náà. Wọ́n ní bí kámẹ́rà bá ti jẹ́ ojúlówó, àwòrán yóò mọ́, fídíò yóò sì dùn wò. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ti yí padà lọ́nà tí ó pọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń wo fídíò ìnáwó. Àwòrán ti mọ́ gaara bí omi àmù. Síbẹ̀ oorun kan náà ni ó ń kùn wá. Ohun tí a ń yà ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò.

Mo ní àpẹẹrẹ méjì lọ́wọ́, inú ilé bàbá mi ni méjèèjì sì ti wá. Télọ̀ ni bàbá mi. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, láàrin àwọn tí ń hun aṣọ òkè. Ṣùgbọ́n ó fi òfì sílẹ̀ ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ó wá sí Ìbàdàn, ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Àdó ni ó sì fi tọ́ gbogbo wa. Ní ọdún 1994 tí ó di ẹni àádọ́rin ọdún, àwa ọmọ dáwó jọ, a ṣe ayẹyẹ fún un, a sì bẹ onífídíò. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó gbé fún wa gùn tó wákàtí mẹ́ta gééré.

Òdòdó kan ni ó kọ́kọ́ ń yí po lójú tẹlifíṣọ̀n, tí orúkọ bàbá mi ń ti inú rẹ̀ yọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni a dé inú gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà yóò rántí bí wọ́n ti ń yà á: onífídíò gbé kámẹ́rà lé èjìká; ọmọkùnrin kan ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú iná ńlá tí ó gbóná bí ààrò; wáyà gígùn ń wọ́ lẹ́yìn wọn láàrin ẹsẹ̀ àwọn àlejò. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dé. Bí iná bá ti kan àwọn tí ó jókòó, wọn a dákẹ́, wọn a gbé ṣíbí sílẹ̀, wọn a tún gèlè tàbí fìlà ṣe, wọn a sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà títí iná yóò fi kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Tábìlì mọ́kànlélógún ni mo kà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a lè gbọ́ kò ti ẹnu ẹnikẹ́ni jáde nídìí wọn. Nígbà tí ó yá ni olórin bẹ̀rẹ̀, a sì fi ohun tí ó ju wákàtí kan lọ wo owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí.

Ní àárín gbogbo rẹ̀, bàbá mi dìde sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdí tí ó fi kúrò nídìí òfì bàbá rẹ̀ wà nínú ohun tí ó sọ, èyí tí kò jẹ́ sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Èmi wà ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí mo ń gba àlejò, díẹ̀ ni mo gbọ́; ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nídìí ìkòkò. Kò dun ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́jọ́ náà, nítorí a mọ̀ pé onífídíò ń yà á. Nínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹnu bàbá mi ń mì, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ bí ọwọ́ ahunṣọ, ṣùgbọ́n orin jùjú ni à ń gbọ́. Onífídíò ti fi orin bo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí a bi í, ó ní ọ̀rọ̀ àgbà máa ń gùn, orin ni ó máa ń mú un dùn. Ó ti lo kásẹ́ẹ̀tì tí ó fi gba ohùn àkọ́kọ́ fún ìnáwó ẹlòmíràn. Ní ọdún 2001 ni bàbá mi kú.

Àpẹẹrẹ kejì kò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. Ní ọdún 1996, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti Lọ́ńdọ̀nù wá kí wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Kámẹ́rà kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ fídíò. Ó jókòó lórí àpótí ní igun ṣọ́ọ̀bù bàbá àgbà, ó gbé kámẹ́rà lé orúnkún, ó sì dákẹ́.

Bàbá mi wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹfun tí ó fi ń sàmì sí aṣọ wà lẹ́yìn etí rẹ̀, téèpù rọ̀ sí i lọ́rùn. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ na ìwúnjọ rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú, ó sì ń kùn orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ sínú imú. Ó ki ìka bọ omi, ó fi kan áyọ́ọ̀nù eléèédú, a gbọ́ ‘ṣíì’. Ọmọṣẹ́ kan gé òwú lọ́nà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn; kò bá a wí, ó kàn wò ó, ọmọ náà sì tún un gé. Ìyá mi gbé oúnjẹ wọlé.

‘Àkànní, oúnjẹ ń tutù o.’

‘Ṣé èmi ni mo ní kó máa tutù?’

‘Kó tutù nígbà náà. Ẹ óò rí ẹni tí ẹ máa bínú sí.’

Bàbá mi rẹ́rìn-ín láìgbójú sókè. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ náà béèrè, pẹ̀lú ahọ́n àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, pé: ‘Bàbá àgbà, kí ló dé tí ẹ ò hun aṣọ mọ́?’ Bàbá mi yọ ẹfun lẹ́yìn etí. Ó ní, ‘Ìyẹn gùn díẹ̀. Ṣé o rí i, bàbá tèmi...’ Oníbàárà kan wọlé lójijì pẹ̀lú ṣòkòtò tí ó fẹ́ kí wọ́n tú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi gba ṣòkòtò náà, ó yí i wò níta, ó yí i wò nínú, ó ní ẹni tí ó rán an kò ní àánú. Ibẹ̀ ni bátìrì ti kú.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá yìí ni gbogbo ẹbí wa ń wò. Wọ́n ti dà á kọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ti dà á kọ ní Amẹ́ríkà. Ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tí a bí ní ọdún 2009, tí kò fojú rí i rí, a máa ki ìka bọ omi bí ó bá fẹ́ lọ aṣọ, a sì máa dúró de ‘ṣíì’ kí ó tó fi irin lé aṣọ. Áyọ́ọ̀nù oníná ni ó ń lò o! Kò sì sí ẹni tí ó tíì béèrè fún kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí mẹ́ta láti ọdún 1994, àfi èmi tí mo ń wá ohùn inú rẹ̀.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Apá kan nínú ìdáhùn kò ní ohun ìjìnlẹ̀ nínú rárá. Ilé iṣẹ́ JVC ní ilẹ̀ Japan ni ó gbé kásẹ́ẹ̀tì VHS jáde ní ọdún 1976, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù lọ́jà wa ni èyí tí wọ́n kọ E-180 sí lára, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ọgọ́sàn-án ìṣẹ́jú. Wákàtí mẹ́ta ni fídíò ìnáwó wa ń gùn nítorí wákàtí mẹ́ta ni kásẹ́ẹ̀tì gùn. Ẹni tí ó sanwó kásẹ́ẹ̀tì kò fẹ́ kí apá kan ṣófo, onífídíò náà kò sì fẹ́ kí á sọ pé òun fi iṣẹ́ ṣeré. Báyìí ni ó ṣe ń kó tábìlì mọ́kànlélógún sínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń rọ gàrí kún àpò.

Apá kejì ni pé ẹ̀rí ni à ń wá, kì í ṣe ìrántí. Fídíò ìnáwó dà bí ìwé tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kọ orúkọ àti iye owó sí. Ta ni ó wá? Aṣọ wo ni ó wọ̀? Èló ni ó ná? Onífídíò sì mọ̀ pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá hàn nídìí owó lílẹ̀ ni yóò ra ẹ̀dà tirẹ̀. (Òfin ilé ìfowópamọ́ àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n owó náírà síni lára àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ní ọdún 2024 ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n fún àwọn kan nítorí rẹ̀, fídíò sì wà nínú ohun tí ó kó bá wọn. Ó wá di pé ẹ̀rí tí a ń tọ́jú fún ìyangàn ti lè di ẹ̀rí tí agbẹjọ́rò ìjọba yóò kà sí wa lọ́rùn.)

Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ó jinlẹ̀ ju méjèèjì lọ, inú àṣà wa ni ó sì ti wá. Ní ọdún 1978, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn African Arts lórí bí àwa Yorùbá ti ń ya fọ́tò. Ìlá Ọ̀ràngún wà lára ibi tí ó ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí ohun tí gbogbo wa mọ̀ láìfẹnu sọ: pé fọ́tò àgbà ní ìlànà. Àgbà yóò jókòó, yóò kọjú sí kámẹ́rà tààrà, yóò wọ aṣọ tí ó dára jù lọ, yóò ya ẹsẹ̀ díẹ̀ kí agbádá lè tẹ́ dáadáa, yóò gbé ọwọ́ lé itan, kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹwà ńlá wà nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ipò hàn, ó ń fi sùúrù hàn, ó ń fi ẹni tí a jẹ́ láwùjọ hàn. Ọ̀kan nínú wọn ni ó wà lórí ògiri pálọ̀ mi, n kò sì ní pààrọ̀ rẹ̀ fún ohunkóhun.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí fídíò dé, a gbé ìlànà fọ́tò lé e lórí. Nítorí náà ni àwọn àlejò inú gbọ̀ngàn ṣe ń dákẹ́ tí wọ́n ń gbé ṣíbí sílẹ̀. Fọ́tò ni wọ́n ń yà. Ìdúróṣinṣin ni iyì fọ́tò. Ẹni tí ó bá mira lásìkò tí wọ́n ń yà á ti bà á jẹ́. Ìmira sì ni fídíò ní tí fọ́tò kò ní. Bí ènìyàn bá dúró gbagidi nínú fídíò, kò ní iyì fọ́tò, kò sì ní ẹ̀mí fídíò.

Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sinimá pàápàá mọ èyí láti ìpìlẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1895, àwọn arákùnrin méjì kan tí wọ́n ń jẹ́ Lumière pe àwọn ènìyàn jọ ní ìlú Paris, wọ́n gba owó lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi àwòrán mẹ́wàá tí ń rìn hàn wọ́n. Kò sí èyí tí ó tó ìṣẹ́jú kan nínú wọn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ nǹkan kan ju fídíò ilé lọ: Auguste Lumière àti ìyàwó rẹ̀ jókòó níta, wọ́n ń fún ọmọ wọn lóúnjẹ. Ohun tí ó ya àwọn òǹwòran lẹ́nu jù nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, ni ewé igi tí afẹ́fẹ́ ń mì lẹ́yìn wọn. Wọ́n ti rí bàbá, ìyá àti ọmọ nínú àwòrán rí; wọn kò rí ewé tí ń mì nínú àwòrán rí. Ewé ni ‘ṣíì’ inú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi.

Kò sì yẹ kí á lọ sí Paris kí á tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí àwa ni a ni oríkì. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ní Òkukù fún ọdún púpọ̀, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí oríkì ìlú náà ní ọdún 1991. Ó fi hàn nínú rẹ̀ pé oríkì kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé. Kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí kí ó parí ní ọjọ́ ikú. A máa fò láti orí ohun kan bọ́ sí orí òmíràn: ìrìn ẹsẹ̀ ẹnì kan, àwọ̀ ara rẹ̀, oúnjẹ tí ó kúndùn, ìjà tí ó jà ní ọjọ́ kan, gbèsè tí kò san pàápàá. Akígbe oríkì kì í ka iye àlejò tí ó wá sí ìnáwó babańlá wa. Ó mú ohun kan ṣoṣo tí kò sí lára ẹlòmíràn, ó sì sọ ọ́ títí tí ọkùnrin náà fi dìde dúró níwájú wa. Ẹni tí ó ti kú láti igba ọdún sẹ́yìn ni à ń wí o, orí wa sì ń wú. Bí àwọn baba wa tí kò ní kámẹ́rà bá mọ ohun tí ó yẹ kí á mú àti ohun tí ó yẹ kí á fi sílẹ̀, kí ni ó dé tí àwa tí a ní in fi ń kà tábìlì?

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí bí òun yóò ti ya fídíò ẹbí òun kí ó lè dùn wò, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kí ó tètè dé. Alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni ìnáwó gan-an máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, nídìí ààrò olókùúta mẹ́ta, níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n ń jiyàn lórí iye kóńgò ìrẹsì tí ó kù, tí ìyá kan tí kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni a ti ń pa àwàdà tí a kì í pa nínú gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń gbọ́ orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pe bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó ya ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀ ti ya ẹbí náà. Ẹni tí ó ya wákàtí mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn ya aṣọ wọn.

Ọ̀rọ̀ ohùn ni mo fẹ́ fi àkókò díẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń pàdánù jù. Àwòrán tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, ojú yóò fara dà á. Ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ kò ní àtúnṣe. Yorùbá sì jẹ́ èdè olóhùn: bí orin bá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí, ọkọ́ lè di ọkọ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ, ìtumọ̀ ti lọ nìyẹn. Ìlù pàápàá ń sọ̀rọ̀ nínú ìnáwó wa. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí onídùndún ń ki ẹni kan, tí ẹni náà ti bẹ̀rẹ̀ sí jó bọ̀, tí onífídíò sì yí kúrò láti lọ ya àkàrà òyìnbó. Mo ti rí fídíò ìsọmọlórúkọ tí a ti rí oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare nínú àwo dáadáa, tí àwọ̀ oyin ń dán, ṣùgbọ́n tí a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí ìyá àgbà ń sọ lórí wọn, nítorí kámẹ́rà jìnnà sí i, olórin sì ti ń dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò níta. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìsọmọlórúkọ; èlò rẹ̀ ni oyin. Kí ayàwòrán sún mọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tó bí ẹni tí ó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ní fóònù méjì, kí ó gbé ọ̀kan sí ẹ̀bá àgbà náà kí ó máa gba ohùn nìkan. Kí ó sì pa ẹnu ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ fídíò ni ó jẹ́ pé ẹni tí ń yà á nìkan ni a ń gbọ́.

Ọwọ́ tí kò gbé jẹ́ẹ́ náà ń bà á jẹ́. Kámẹ́rà kì í ṣe ìgbálẹ̀ tí à ń fà síbí fà sọ́hùn-ún. Kí á gbé e dúró sójú kan, kí á jẹ́ kí àwọn ènìyàn wọlé kí wọ́n jáde níwájú rẹ̀, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbé tirẹ̀ lé orúnkún.

Kí á má sì sọ fún àgbà pé, ‘Ẹ sọ nǹkan sí fídíò.’ Àdúrà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbà fún wa. Àdúrà àgbà ṣe iyebíye, àmín ni mo máa ń ṣe sí i, ṣùgbọ́n àdúrà àgbà kan kò yàtọ̀ sí ti èkejì tó bí a bá ń wá ẹni tí ó gbà á. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí á bi í. ‘Ìyá, ta ló fún yín ní ìlẹ̀kẹ̀ yìí?’ ‘Bàbá, ta ló gbẹ́ ọ̀pá yín?’ Lẹ́yìn náà, kí á dákẹ́. Bí ó bá dáhùn tí ó sì dákẹ́, kí àwa náà tún dákẹ́ díẹ̀ sí i. Èyí tí ó máa ń sọ lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ náà ni ó máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀.

Ní ti gígé, n kò ní ohun púpọ̀ láti sọ. Ogún ìṣẹ́jú tó. Kí á tọ́jú ìyókù fún ẹni tí ó bá ń wá aṣọ tí ó wọ̀.

Lóde òní, kásẹ́ẹ̀tì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Funai ti ilẹ̀ Japan, tí ó ṣẹ́kù nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró ní oṣù Keje ọdún 2016. Ẹni tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tí ọ̀rinrin sì ń mú kí ó hu èérú, kí ó tètè wá ẹni tí yóò bá a dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà. Fóònù ti sọ gbogbo wa di onífídíò. Àìsàn tuntun sì ti dé pẹ̀lú rẹ̀. Dípò wákàtí mẹ́ta, a wá ní ẹgbẹ̀rún fídíò oníṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kò sí orúkọ lára wọn, kò sí ìparí ọ̀rọ̀ nínú wọn, àwọn ọ̀dọ́ ló ń jó nínú ìdajì wọn. Mo máa ń rọ àwọn ọmọ pé kí wọ́n sọ ọjọ́, ibi àti orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ yà, ní ohùn ara wọn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àpótí fọ́tò ìyá rẹ̀ rí, tí ó ń bi ara rẹ̀ pé ta ni èyí, ta ni tọ̀hún, yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún báyìí, kò sì fẹ́ràn ìṣẹ́jú mọ́kànlá náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé nínú síńgílẹ́ẹ̀tì ni ayé yóò máa rí bàbá àwọn, ẹni tí ó ń rán agbádá fún àwọn ènìyàn ńlá, tí kì í jáde lọ sí ìta láìwọ fìlà. Ó ní iyì bàbá wà nínú kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí mẹ́ta; pé bí kò bá tilẹ̀ dùn wò, ó dára. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè gbá dànù. Ojú tí ilé mọ̀ wá àti ojú tí ìta mọ̀ wá kì í ṣe ọ̀kan náà, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ojú ilé rí ni ó yẹ kí a fi ránṣẹ́ sí ẹgbàá ènìyàn lórí fóònù. Mo gbà fún un pé kí á pín in sí méjì: èyí tí ó jẹ́ ti àlejò àti èyí tí ó jẹ́ ti àwa ọmọ. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé bí àlejò ìgbà náà bá ti kú tán, ti àwa ọmọ nìkan ni yóò kù tí ẹnikẹ́ni yóò máa wá. Kò dá mi lóhùn.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun yà á níbi tí ó ti ń sọ ìtàn bàbá wa. Ó kọ̀ fún oṣù méjì. Nígbà tí ó gbà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wé gèlè ná. Ọmọ náà gbé fóònù ti ìkòkò òdòdó ó sì bi í léèrè pé ṣé kí òun máa yà á lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, tí abẹ́rẹ́ gèlè wà láàrin ètè rẹ̀, mi orí. Níwájú dígí, pẹ̀lú apá méjèèjì lókè, ó sọ pé ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni ó gba òfì mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú bàbá wọn, pé ìjà ni ó lé e dé Ìbàdàn. Ó sọ orúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Ó tú gèlè, ó tún un wé, ó ní àwọn ìyá wa ni ó sọ ọ́ fún òun.

Mo wo fídíò náà dé òpin. Díẹ̀ tí èmi gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní ọdún 1994 kò bá èyí mu: mo gbọ́ tí ó ń sọ nípa ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa nínú òkùnkùn ilé òfì, àti òyìnbó kan tí ó ta máṣíìnì fún un ní àwìn. Ọmọ náà ti ní kí n wá jókòó níwájú fóònù lọ́jọ́ Sátidé tí ń bọ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ wọ agbádá.